Ẹṣin ń jẹun lójoojúmọ́, kì í pawó lójoojúmọ́: Ìṣirò tó yẹ kí olókòwò ẹṣin kọ́kọ́ ṣe

Lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, ẹsẹ̀ kì í gbèrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ Ojúde Ọba ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á dá aṣọ, wọ́n á jó kọjá, lẹ́yìn náà ni àwọn ìdílé Balógun, irú bí ìdílé Kúkù, Odùnúgà àti Aláúsá, á yọ lórí ẹṣin. Ìbọn á máa dún, ìlù á máa ró, ẹṣin tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ olówó iyebíye ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ á máa ta pọ́nún-pọ́nún. Lọ́dún 2024, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ̀nà Ìjẹ̀bú rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹṣin.

Ẹni tó bá dúró wo ayẹyẹ náà tán á sọ pé owó ń bẹ nídìí ẹṣin. Kò purọ́. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn àlejò wọkọ̀ padà sílé, tí wọ́n tú gàárì kúrò lẹ́yìn ẹṣin, ẹran náà á na ọrùn, á máa wá oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì, á tún jẹun. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò sí ayẹyẹ kankan, á tún jẹun. Ibẹ̀ ni òwò ẹṣin ti ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì. Ọkọ̀ tí kò bá ṣiṣẹ́ lónìí kò ní mu epo lónìí. Ẹṣin kò mọ ìyẹn.

Ibi tí owó ti ń wọlé

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ẹṣin pawó nílẹ̀ Yorùbá kò ju bíi mélòó kan lọ. Àkọ́kọ́ ni yíyá ẹṣin fún ayẹyẹ: Ojúde Ọba, ìwúyè, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ọdún ìlú. Láàárín ọdún 1960 tí Ọba Sikiru Adetona gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀ sí ọdún 2025 tí ó wàjà, Ojúde Ọba di ayẹyẹ ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń gbé owó kalẹ̀ fún. Àwọn ìdílé kan ní ẹṣin tiwọn, àwọn mìíràn ń yá. Ìlọrin náà ń ṣe ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin tirẹ̀ lásìkò Iléyá. Irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Kánò ti wọ ìwé àjọ UNESCO lọ́dún 2024, lára àwọn àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Èkejì ni ẹṣin etíkun. Ní Elegushi àti àwọn etíkun mìíràn l'Ékòó, àwọn ọmọ ẹlẹ́ṣin máa ń gbé ọmọdé àti àgbà gun ẹṣin fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á fà á lọ, wọ́n á fà á bọ̀, àwòrán yíyà á tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta ni kíkọ́ èèyàn ní ẹṣin gígùn. Ẹ̀kẹrin ni fíìmù àti orin tí wọ́n ń ya fídíò fún. Ẹ̀karùn-ún, tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn, ni bíbá ẹlòmíràn tọ́jú ẹṣin rẹ̀ fún owó oṣù.

Gbogbo rẹ̀ ló dára, ṣùgbọ́n wọn kì í pawó bákan náà. Ojúde Ọba ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Etíkun, òpin ọ̀sẹ̀ àti ìgbà ìsinmi ni, òjò sì lè bà á jẹ́. Ìgbéyàwó a máa dín kù lásìkò ààwẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ àti owó ìtọ́jú ẹṣin ẹlòmíràn nìkan ni èèyàn lè fọkàn tẹ̀ pé yóò wọlé lóṣooṣù.

Ìṣirò tí kò ṣeé fojú fò

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Kì í ṣe iye ọjà kankan nìyí. Kí oníkálukú fi iye tó bá lọ́jà àdúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní oúnjẹ ẹṣin kan jẹ́ ₦4,000 lójúmọ́. Ní ọjọ́ 365, ìyẹn jẹ́ ₦1,460,000. Ká ní ọmọ iṣẹ́ kan ń gba ₦75,000 lóṣù, tó sì ń tọ́jú ẹṣin mẹ́ta. Ìpín ẹṣin kan jẹ́ ₦25,000 lóṣù, tàbí ₦300,000 lọ́dún. Ká fi ₦150,000 sílẹ̀ fún dókítà ẹran àti ẹni tó ń gé pátákò, ká sì fi ₦120,000 sílẹ̀ fún owó ilẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦2,030,000.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ olókòwò máa ń gbàgbé: ẹṣin ń darúgbó, ó sì lè kú. Bí wọ́n bá ra ẹṣin náà ní ₦1,500,000, tí wọ́n sì retí pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ó yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ₦250,000 pamọ́ lọ́dọọdún láti fi ra òmíràn. Nígbà náà ni ìnáwó ọdún kan di ₦2,280,000.

Wàyí o, ọjọ́ mélòó ni ẹṣin náà yóò ṣiṣẹ́ lọ́dún? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá péré, ó gbọ́dọ̀ mú ₦228,000 wálé lójúmọ́ kí olówó rẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́ta ọjọ́, ó di ₦38,000. Bí ó bá jẹ́ àádọ́jọ ọjọ́, ó di ₦15,200. Ẹṣin kan náà ni, oúnjẹ kan náà ló ń jẹ. Iye ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ra ẹṣin nítorí Ojúde Ọba nìkan fi máa ń tà á ní ẹ̀dínwó kí ọdún tó yí po. Ọjọ́ kan tó dùn ló wò, kò wo ọjọ́ 364 tó kù. Ẹni tó mọ òwò náà, ìwé ọjọ́ ló máa kọ́kọ́ ṣí: Sátidé mélòó ló ti ní oníbàárà? Ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti ṣàdéhùn láti máa kó ọmọ wá? Ta ni yóò gbé ẹṣin rẹ̀ wá fún ìtọ́jú? Bí kò bá rí ìdáhùn, yíyá ló yẹ kó máa yá ẹṣin fún àwọn oníbàárà rẹ̀ títí tí iṣẹ́ yóò fi pọ̀ tó rírà.

Ìdí tí ẹṣin fi ń náni lówó nílẹ̀ igbó

Ẹṣin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ igbó. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tó sọ Ọ̀yọ́ di alágbára, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ wà. Síbẹ̀, láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn, lemọ́lemọ́ ni wọ́n sì ń rà á, nítorí àìsàn kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin wọ àgbègbè igbó, tí wọ́n sì pàdé àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ló ṣẹ́gun.

Eṣinṣin tsetse ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àìsàn ọ̀hún. Bí ó bá ta ẹṣin, ó lè kó kòkòrò kan sí i lẹ́jẹ̀. Ara ẹṣin náà á máa gbóná, á máa lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa tán lára rẹ̀, á máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ ikùn rẹ̀ sì lè wú. Oògùn wà fún un lónìí, tí dókítà ẹran bá tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà wò. Ẹni tó bá ń fojoojúmọ́ sọ pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, ó lè pàdánù rẹ̀.

Lónìí náà, òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tó ń wọ ilẹ̀ Yorùbá ti ń wá, àwọn kan sì ń ti Niger àti Chad kọjá wọlé. Ẹṣin tó bá dúró nínú ọkọ̀ láti Kánò dé Ìjẹ̀bú ti rẹ̀, omi ara rẹ̀ ti dín kù. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lálẹ́ òní, tí wọ́n sì dì í ní gàárì láàárọ̀ ọ̀la, ewu ni. Ó yẹ kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kó mu omi, kó jẹ koríko, kí dókítà wò ó. Ọjọ́ ìsinmi wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí wọ́n bá dá fún oníbàárà.

Alẹ́ kan tó lè kó gbogbo owó lọ

Ẹṣin tó wúwo tó 350 kìló máa ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ tó nǹkan bí kìló méje lójúmọ́. Lọ́dún kan, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lọ. Omi tó ń mu lè wà láàárín lítà 25 sí 40, á sì ju bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú tó sì ṣiṣẹ́. Koríko ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ọkà bàbà, àgbàdo àti èérí kàn ń ti koríko lẹ́yìn ni. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ náà dára, wọ́n sì ń tà á lọ́jà ẹran ọ̀sìn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n da garawa ọkà kan síwájú ẹṣin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọmọ iṣẹ́ sì lọ sinmi. Àpòlúkù ẹṣin kéré sí ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa jẹun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá wọnú rẹ̀ tí kò bá a lára mu, kò lè pọ̀ ọ́ jáde. Ọkà àjẹjù, oúnjẹ tó ti bu, ọ̀rá tó wà nínú koríko tàbí àìrómi mu tó lè fa inú rírun tó ń pa ẹṣin láàárín ọjọ́ kan.

Ẹni tó bá rí ẹṣin tó ń bojú wo ikùn, tó ń họlẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde, tó ń làágùn, tí kò sì yàgbẹ́, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Dókítà ẹran ni kó pè, kó sì gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù dókítà yẹ kó wà lára ògiri ibùjẹ ẹṣin kí ẹṣin fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran ń bẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta.

Pátákò náà ń fẹ́ gígé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àwọn àgbà ẹlẹ́ṣin gbà pé ẹṣin tí kò ní ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹṣin mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn, nítorí pé egbò kékeré tí ìṣó dá sí ẹsẹ̀ ẹṣin lè di àìsàn tetanus, ọ̀kan lára àrùn tó ń tètè pa ẹṣin jù lọ.

Oníbàárà kò gbọ́dọ̀ wúwo ju ẹṣin lọ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ẹṣin gbà pé ohun tí ẹṣin bá gbé kò yẹ kó ju ìdá márùn-ún ara rẹ̀ lọ, tàbí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹṣin 350 kìló, nígbà náà, kò yẹ kó gbé ju 70 kìló lọ, gàárì àti ohun ọ̀ṣọ́ sì wà nínú rẹ̀. Olóyè tó wúwo tó 95 kìló, tó tún wọ agbádá aṣọ òkè, ti kọjá ibẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹlẹ́ṣin tó gbọ́n kò ní bú u, kò sì ní kọ owó rẹ̀. Ẹṣin tó tóbi jù ló máa wá fún un, á ní kó gùn ún fún ìgbà díẹ̀, kó máa rìn jẹ́ẹ́, kò sì ní jẹ́ kó sáré. Ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá bó nítorí gàárì tí kò bá a mu lè jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, á sì máa jẹun níbẹ̀.

Ìbọn àti ìlù tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹran tí ẹranko ń pa jẹ nínú igbó ni ẹṣin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Sísá ni ààbò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó dúró gangan lẹ́yìn rẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń ta nípàá. Ẹṣin tí wọ́n máa gbé lọ sí ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ìlù rí. Wọ́n á kọ́kọ́ lù ú lókèèrè bó ti ń jẹun, wọ́n á máa sún mọ́ ọn lójoojúmọ́, títí tí kò fi ní kọbi ara sí i. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Ẹni tó bá gé e kúrú, ìyàwó tàbí ọmọdé kan ló máa san gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú egungun.

Nítorí náà, ìwé àdéhùn ṣe pàtàkì ju ẹ̀rín lọ. Kí ó sọ wákàtí tí wọ́n yá ẹṣin náà, iye àsansílẹ̀, ìwọ̀n ẹni tó máa gùn ún, pé ọmọ ẹlẹ́ṣin kò ní fi okùn sílẹ̀, pé àlejò kankan kò ní gùn ún láìgbàṣẹ, àti ẹni tí yóò sanwó dókítà bí ẹṣin bá fara pa. Ilé iṣẹ́ adójútòfò wà tó ń bójú tó ẹran ọ̀sìn. Kí olówó ẹṣin béèrè bóyá wọ́n ń gba ẹṣin, kí ó sì béèrè nípa èèyàn tí ẹṣin bá ṣe léṣe.

Póòlò: eré olówó, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn

Ọdún 1904 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ póòlò Èkó sílẹ̀, Ìkòyí ni pápá wọn wà. Èèyàn mẹ́rin ló ń gbá a fún ẹgbẹ́ kan. Wọ́n pín eré náà sí abala tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà tó ìṣẹ́jú méje, eré àsápajúdé sì ni ẹṣin ń sá níbẹ̀. Nítorí pé ó ń rẹ ẹṣin, àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń pààrọ̀ ẹṣin láàárín abala kan sí èkejì. Ẹni kan lè nílò ẹṣin mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìdíje kan. Ẹni tó bá rí àwọn gbajúmọ̀ lórí ẹṣin lè rò pé eré wọn kò kan òun. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹṣin wọ̀nyẹn ń fẹ́ koríko, ọkà, olùtọ́jú, ẹni tó ń gé pátákò, ẹni tó ń rán okùn awọ, àti ọkọ̀ tí yóò kó wọn láti Kàdúná tàbí Kánò wá sí Èkó.

Òwò tó bọ́gbọ́n mu jù fún olówó kékeré lè má ní ẹṣin nínú rárá. Àgbẹ̀ tó bá lè gbin koríko tó dára, kó sá a, kó dì í, kó sì máa gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó rẹ̀ ń wọlé ní gbogbo ọjọ́ tí ẹṣin bá ń jẹun. Àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ lè ran ìjánu àti okùn gàárì. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn lè hun aṣọ ọ̀ṣọ́ ẹṣin sílẹ̀ kí Iléyá tó dé. Ìgbẹ́ ẹṣin pàápàá ń tó nǹkan bí 20 kìló lójúmọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kó jóná dáadáa, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ á rà á. Ohun tí ẹlẹ́ṣin ń náwó lé lójoojúmọ́ ni àwọn wọ̀nyí ń tà lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ilẹ̀ náà kì í dúró lójú kan. Pápá eré ẹṣin Èkó, tí wọ́n ń pè ní Race Course, níbi tí wọ́n ti ta àsíá Nàìjíríà ní October 1, 1960, ni wọ́n sọ di Tafawa Balewa Square lọ́dún 1972. Bar Beach tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń gbé èèyàn gùn ti di ara Eko Atlantic lẹ́yìn tí wọ́n fi yanrìn kún un. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ibùjẹ ẹṣin, ó yẹ kó mọ ọdún mélòó tí ilẹ̀ náà fi máa jẹ́ tirẹ̀, kó ní ìwé lọ́wọ́, kó sì mọ ibi tí òun máa kó ẹṣin gbà bí wọ́n bá ní kó kó jáde.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn tó pẹ́ nídìí òwò yìí kì í fi ìlù Ojúde Ọba ṣe ìṣirò. Ọjọ́ Túsìdé kan lásán ni wọ́n máa ń mú, tí òjò ń rọ̀, tí oníbàárà kankan kò pè, wọ́n á sì béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé: owó wo ni ẹṣin yìí máa fi jẹun lónìí? Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn lè lọ ra ẹṣin.